Kí Ni Oyin Ń Fi Igun Mẹ́fà Ṣe?

Ọ̀gá tó ń kọ́ wa ní sítúdíò kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn tẹjú mọ́ àwòrán tí mo lẹ̀ mọ́ ara ògiri, ó yọ awò ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, ó wá ní, "Afárá oyin lo yà yìí, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

"Kí ló dé tó o fi mú afárá oyin?"

Mo ní iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run ni, sà, mo fẹ́ kí òrùlé mi jọ ohun tí Ọlọ́run dá.

Ó mi orí. "Ó dáa. Kí ni oyin gan-an ń fi igun mẹ́fà ṣe?"

Mi ò rí èsì kankan fọ̀. Mo dúró síbẹ̀, mo di rúlà mú, àwọn ẹgbẹ́ mi ń wò mí.

Ọdún kẹta mi nìyẹn ní Àkúrẹ́, nídìí ẹ̀kọ́ akitẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa ni pé ká ya ìsọ̀ tuntun fún àwọn ìyá tó ń tajà nínú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ á mọ ohun tí mò ń sọ: agboòrùn ńláńlá tí àwọ̀ wọn ti ṣá, ọ̀rá tí wọ́n fi okùn so mọ́ òpó iná, àti òjò tó máa ń já lójijì tí kálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ata sá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi wà nídìí òrùlé yẹn. Ihò igba ó lé mẹ́rìnlá ló ní, gbogbo ẹ̀ onígun mẹ́fà, ó dìde bí ìgbì omi láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ó rẹwà. Títí dòní, bí mo bá ṣí fáìlì yẹn, mo ṣì gbà pé ó rẹwà.

Ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi yà á ń jẹ́ Grasshopper, inú Rhino, ètò ìyàwòrán tó tóbi jù ú lọ, ló ń gbé. David Rutten ló kọ ọ́ nílé iṣẹ́ Robert McNeel, ọdún 2007 ló kọ́kọ́ jáde, pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí àwọn ètò tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀ ni pé kì í ṣe ìlà lò ń fà nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi télọ̀ ṣàlàyé. Bí télọ̀ bá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sórí aṣọ, tó gé e, ó parí nìyẹn. Bí oníbàárà bá sanra sí i kó tó wá gba aṣọ ẹ̀, àfi kí wọ́n ra aṣọ mìíràn. Bí a ṣe ń yàwòrán láti ọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ká ní télọ̀ lè kọ ọ́ sínú aṣọ náà pé apá gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdajì àyà, pé ọrùn gbọ́dọ̀ tẹ̀lé èjìká, pé ìsàlẹ̀ aṣọ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé gíga ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Tó bá yí iye àyà nìkan padà, gbogbo aṣọ á tún ara ẹ̀ gé. Iye àyà yẹn ni wọ́n ń pè ní parameter. Àjọṣe apá pẹ̀lú àyà lo yà. Aṣọ ló tẹ̀yìn ẹ̀ jáde.

Láptọ́ọ̀pù mi kò lágbára rárá. Bí mo bá fa iye kan láti 10 sí 12, ojú ẹ̀ á dì, mo lè lọ pọn omi kí n padà kó tó ṣí. Rhino fúnra ẹ̀ máa ń fún ènìyàn ní 90 ọjọ́ láti fi dán an wò kó tó béèrè owó, mo sì ń ka ọjọ́ yẹn lójoojúmọ́, torí ọjọ́ tí àwọn oníná bá mú iná lọ náà wà nínú ẹ̀. Òru ni dátà máa ń dínwó, òru náà ni mò ń wo fídíò àwọn tó ń kọ́ni. Alẹ́ ọjọ́ tí òrùlé mi kọ́kọ́ mira, tí mo fa iye kan ṣoṣo tí gbogbo ihò igba ó lé náà sì tún ara wọn tò lójú mi, mo jí ọ̀rẹ́ tá a jọ ń gbé yàrá dìde kó wá wò ó. Ó wò ó, ó ní, "Ó dáa o," ó sun padà. Èmi ò sùn mọ́.

Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè ọ̀gá mi fi wọ̀ mí lára. Mo ti mọ bí a ṣe ń ya afárá oyin, mi ò tíì bi oyin ní nǹkan kan.

Mo lọ wá a. Ìda ni oyin fi ń kọ́lé, inú ara ẹ̀ ló sì ti ń ṣe ìda náà, oyin dídùn tó bá jẹ ló ń sọ di ìda. Ohun tó wọ́n gidi ni lọ́wọ́ ẹ̀. Bí ó bá kọ́ ihò roboto, àlàfo á ṣẹ́kù láàárín wọn. Onígun mẹ́ta, onígun mẹ́rin àti onígun mẹ́fà tó dọ́gba nìkan ló lè tò tì ara wọn láìsí àlàfo, nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, onígun mẹ́fà ló ń gba ògiri tó kéré jù fún àyè kan náà. Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ti fura sí i, àmọ́ ọdún 1999 ni Thomas Hales tó fi ìṣirò múlẹ̀ pé kò sí ọ̀nà mìíràn rárá láti pín ilẹ̀ pẹrẹsẹ sí àyè tó dọ́gba tí ògiri ẹ̀ á fi kéré ju ti oyin lọ. Ìdáhùn náà kò ju báyìí lọ: oyin ń ṣọ́ ìda ná.

Òrùlé tèmi ńkọ́? Mo gbé ìwé àwòrán mi, mo lọ bá jórinjórin kan lójú ọ̀nà Oǹdó, ẹni tó ṣe géètì ilé wa. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, èló ni iṣẹ́ yìí máa gbà?" Ó nu ọwọ́, ó ṣí i ní ewé kan, ó ṣí èkejì. Ó fi ìka tẹ̀lé ihò kan, ó tún tẹ̀lé òmíràn.

"Àbúrò, èwo ló jọ èkejì níbí?"

Mo ní kò sí èyí tó jọ ara wọn.

"Nínú gbogbo ẹ̀?"

Nínú gbogbo ẹ̀. Bí òrùlé náà ṣe ń dìde tó sì ń rẹlẹ̀, gígùn irin kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, igun kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹyọ kan àti ẹgbẹ̀rún, ayùn ẹni tó fẹ́ gé e mọ̀ ọ́n. Ó fi ẹsẹ̀ gún ọ̀pá irin kan tó wà nílẹ̀. Ó ní, "Bí mo bá gé èyí sí wẹ́wẹ́, tí ìkọ̀ọ̀kan gùn ju ara wọn lọ, àjẹkù tó máa ṣẹ́kù nílẹ̀ á tó géètì mìíràn kọ́." Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tilẹ̀ ní àwòrán náà dára, òun kò rí irú ẹ̀ rí. Àmọ́ bí mo ṣe ń padà lọ, ohun kan ṣoṣo ló ń yí lọ́kàn mi: oyin mú igun mẹ́fà kó má bàa fi ìda ṣòfò, èmi mú igun mẹ́fà yẹn gan-an, mo fi ń fi irin ṣòfò.

Inú oṣù yẹn ni mo kọ́kọ́ fara balẹ̀ wo iṣẹ́ Francis Kéré, ọmọ Burkina Faso, ẹni tó kọ́kọ́ gba Pritzker, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn akitẹ́ẹ̀tì, láti ilẹ̀ Áfíríkà, lọ́dún 2022. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó kọ́ sí Gando, abúlé ẹ̀, ní 2001, mo ti rí àwòrán ẹ̀ tẹ́lẹ̀, mi ò kàn kà á sí. Ó gbé òrùlé páánù sókè kúrò lórí àjà kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín méjèèjì kọjá, kó kó ooru lọ. Irin tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ sínú kọnkéré, ló fi ṣe egungun tó gbé òrùlé náà dúró, torí pé àwọn ará abúlé fúnra wọn lè fi ayùn ọwọ́ gé e, kí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré jó o pọ̀. Ẹni tó fẹ́ jó irin náà ti wà nínú àwòrán kí wọ́n tó fa ìlà kankan. Mo padà lọ wo fáìlì òrùlé mi, mo wá gbogbo parameter inú ẹ̀. Kò sí jórinjórin níbẹ̀.

Lẹ́yìn oyin, ikán ló kàn.

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ akitẹ́ẹ̀tì tí kò tíì gbọ́ nípa Eastgate, ilé ìtajà àti ọ́fíìsì tí Mick Pearce yà sí Harare, ní Zimbabwe, tí wọ́n parí ní 1996. Òkìtì ikán ló wò tó fi yà á, ilé náà sì ń tutù láìsí ẹ̀rọ amúlétutù ńlá tí àwọn ilé bẹ́ẹ̀ máa ń lò. Gbogbo wa la fẹ́ ya Eastgate. Lọ́dún yẹn, bóyá ìdajì kíláàsì wa ló ní ihò èéfín ńláńlá lórí ilé, tí a ní ikán ló kọ́ wa.

Nígbà ìsinmi, mo bá bàámi lọ sóko kòkó wa lọ́nà Ìdànrè. Ọ̀gán kan wà níbẹ̀ tó ga jù mí lọ, láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n. Bàámi ti fi ọkọ́ ṣèèṣì bu ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo lóṣòó síwájú ẹ̀. Àwọn jagunjagun ikán, àwọn olórí ńlá yẹn, ti jáde wá dúró yí ẹnu ihò ká, wọ́n ń ju ẹnu. Kò pẹ́, àwọn kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í dé, kálukú gbé erùpẹ̀ tútù kan dání tí kò tó orí abẹ́rẹ́, á fi lélẹ̀, á tẹ̀ ẹ́, á yí padà. Kí a tó sun iṣu kí a sì jẹ ẹ́ tán, wọ́n ti dí ihò náà ju ìdajì lọ. Bàámi ní, "Kí lò ń wá lára ọ̀gán látàárọ̀?" Mo ní iléèwé ni, sà. Ó ní ṣé ikán ni wọ́n ń kọ́ wa báyìí ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì parọ́.

Ohun tí mo rí yẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ mọ̀ sí i. Bí ihò inú òkìtì bá jẹ́ fún kí atẹ́gùn gbígbóná lè jáde lọ sókè, kí ló dé tí wọ́n fi ń yára dí ohun tó bá ṣí? Mo wá rí i pé àwọn onímọ̀ méjì, Scott Turner àti Rupert Soar, ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2008 pé òkìtì kò ṣiṣẹ́ bí àwọn ènìyàn ti rò nígbà tí wọ́n ya Eastgate. Ó sún mọ́ ẹ̀dọ̀fóró ju ihò èéfín lọ: afẹ́fẹ́ òde máa ń rọ́ lu ara ẹ̀, á máa ru atẹ́gùn inú ẹ̀ pọ̀ díẹ̀díẹ̀, ìtẹ́ wọn gan-an sì wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ilé Eastgate ṣì ń tutù síbẹ̀, àmọ́ ohun tó ń mú un tutù ni pé fáànù máa ń fa atẹ́gùn òru tútù gba ara kọnkéré ńláńlá, kọnkéré náà á wá máa gbé òtútù yẹn dé ọ̀sán. Harare ga ju 1,400 mítà lọ sí ojú òkun, òru ẹ̀ máa ń tutù. Àkúrẹ́ kò ga tó 400. Ẹni tó bá ti sun òru oṣù kẹta ní Òkè Àró láìsí iná á sọ fún yín bóyá òtútù kan wà tí kọnkéré máa gbé pamọ́. Ọ̀nà tiwa ni pé kí afẹ́fẹ́ máa gba inú ilé kọjá, kí oòrùn má sì kan ògiri. Ohun tí àwọn ilé àtijọ́ wa fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá ṣe náà nìyẹn. Nínú ààfin Déjì àtijọ́, ọ̀kan-ò-jọ̀kan àgbàlá ló wà, wọ́n ń pè é ní uà, kálukú pẹ̀lú orúkọ àti iṣẹ́ tirẹ̀, ìyẹn tí wọ́n ti ń búra yàtọ̀ sí ìyẹn tí wọ́n ti ń sọmọ lórúkọ.

Àṣìṣe ọdún kẹrin dùn mí ju ti oyin lọ, torí pé oòrùn ìlú mi ni.

Kíláàsì ọmọ iléèwé ni mò ń yà. Mo ti wo fídíò ẹnì kan láti Yúróòpù lórí bí a ṣe ń mú kí pátákó ìdènà oòrùn máa gùn tàbí kó máa kúrú fúnra ẹ̀ bí oòrùn ṣe ń rìn. Mo tẹ̀lé gbogbo ohun tó ṣe. Mo to àwọn pátákó náà sí apá gúúsù, wọ́n gùn, wọ́n lẹ́wà, mi ò fi ẹyọ kan sí apá àríwá. Olùkọ́ wa obìnrin kan wò ó, ó ní, "Ní oṣù kẹfà, lọ́sàn-án gangan, ibo ni òjìji rẹ máa wà?"

Mo ní àríwá, mà.

Oṣù kẹfà náà la wà. Òjò ti dá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, oòrùn sì ti yọ. Ó wo aago, ó ní ká ní sùúrù di agogo kan ku ogún ìṣẹ́jú. Ó ṣàlàyé pé ìgbà yẹn ni ọ̀sán gangan Àkúrẹ́, torí pé ibi tó jìnnà sí wa lápá ìlà oòrùn ni aago Nàìjíríà ń tẹ̀lé. Nígbà tó tó, gbogbo wa jáde. Òjìji mi kúrú, kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ lọ, gúúsù gbáà ló sì kọjú sí. Oòrùn wà ní àríwá lẹ́yìn mi.

Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí. Abẹ́ oòrùn yẹn ni wọ́n bí mi sí, mi ò wò ó rí. Nílẹ̀ àwọn tó ṣe fídíò, oòrùn ọ̀sán kì í kúrò ní gúúsù láti January dé December. Níbí, dígírì 7 lókè ìlà tó pín ayé sí méjì, orí wa gan-an ló ń gbà kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìbẹ̀rẹ̀ April àti ìbẹ̀rẹ̀ September. Láàárín ìgbà yẹn, ó ń tẹ̀ sí àríwá, nǹkan bíi dígírì 16 ní June. Ní December, ó ń tẹ̀ sí gúúsù ní nǹkan bíi 31. Mo padà sínú Grasshopper, mo wá ibi tí iye ìlú ẹni tó ṣe fídíò wà, mo pa á rẹ́, mo kọ 7.25 sí i. Gbogbo pátákó náà rìn. Ti gúúsù kúrú, àwọn kékeré hù ní àríwá, ti ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, níbi tí oòrùn ti ń wọlé ní ìdúbúlẹ̀, nà jáde, wọ́n jìn. Ọdún méjì ni mo ti ń lo ètò yẹn kí n tó fi iye kan tó jẹ́ ti ibi tí mò ń gbé sínú ẹ̀.

Ní ọdún tó kẹ́yìn, mo padà sí ìsọ̀ Ọjà Ọba. Irin ti wọ́n, nítorí náà mo fẹ́ òrùlé tí bíríkì lásán lè ṣe. Bíríkì lágbára bí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́, àmọ́ bí nǹkan bá fà á, ó já. Robert Hooke, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará England, ti rí ọ̀nà sí i ní 1675: ẹ̀wọ̀n tó bá rọ̀ láàárín ọwọ́ méjì, fífà nìkan ló wà nínú ẹ̀; bí o bá dojú ìrísí yẹn dé, títẹ̀ nìkan ló máa kù. Gaudí, akitẹ́ẹ̀tì ará Spain, lo nǹkan bí ọdún mẹ́wàá nídìí okùn àti àpò kéékèèké tó kún fún ọta ìbọn wẹ́wẹ́, ó ń so wọ́n rọ̀ láti òkè kó lè mọ bí ilé ìjọsìn Colònia Güell ṣe máa dúró. Heinz Isler, ará Switzerland, á fi omi rin aṣọ, á so ó síta nígbà òtútù, á jẹ́ kó dì. Nínú Grasshopper, Kangaroo tí Daniel Piker kọ ń ṣe ohun kan náà láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo ti ṣe é níbẹ̀. Àmọ́ ó wù mí kí n fọwọ́ kàn án.

Òtútù kò sí l'Ókè Àró, POP tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé wà. Màámi fún mi ní ògbólógbòó ìró àdìrẹ kan, a ri igi mẹ́rin mọ́ ilẹ̀ nínú àgbàlá. Ìgbà àkọ́kọ́, a fi falẹ̀, POP dì mọ́ aṣọ nínú garawa. Ìgbà kejì, mo pò ó kó ṣàn bí ògì, àbúrò mi mú etí méjì, mo mú méjì, a gbé e jáde ní kíá, a so ó. Ó rọ̀ sílẹ̀ láàárín, ó ń kán tó, tó, tó sórí erùpẹ̀. Ìrísí tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan yí kiri nínú kọ̀ǹpútà, aṣọ náà wá a rí fúnra ẹ̀ kí n tó fọ ọwọ́ tán.

Láàárọ̀, a tú u, a dojú ẹ̀ dé bí igbá. Kò nípọn tó ìka ọmọdé, abẹ́ ẹ̀ ṣì ní òdòdó àdìrẹ lára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í da yanrìn lé e pẹ̀lú abọ́, mo ń tẹ́ ẹ káàkiri. Ó dúró. Mo tún dà á. Lójijì a gbọ́ pá, ẹsẹ̀ kan sán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè ẹ̀ bóyá ó ti tinrín jù. Màámi dìde lórí àpótí níbi tó ti ń ṣa ẹ̀gúsí, ó bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀, ó ní, "Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló yà. Wo ibi tó wà tẹ́lẹ̀." Òótọ́ ni. Ojú ibi tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti fá erùpẹ̀ lọ sẹ́yìn hàn kedere, bí ìka mẹ́ta ní gígùn. Òrùlé kò wó lulẹ̀, ńṣe ló ń na ẹsẹ̀ síta. Nínú kọ̀ǹpútà, mo ti kan ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, n kò ronú nípa wọn mọ́.

A ṣe òmíràn, a fi okùn wáyà so ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ra yíká. Garawa yanrìn mẹ́ta ló gbé, a kò rí ẹ̀kẹrin tẹ́ sórí ẹ̀ mọ́.

Mo padà sọ́dọ̀ jórinjórin lójú ọ̀nà Oǹdó pẹ̀lú ìwé tuntun. Òrùlé onígbá mẹ́jọ, bíríkì ni gbogbo ẹ̀, igbá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jẹ́ ọ̀kan náà. Irin tó wà níbẹ̀ kò ju èyí tó so ẹsẹ̀ wọn pọ̀ lọ. Ó ṣí ewé kan, ó ṣí èkejì, ó ń wá èyí tó yàtọ̀.

"Gígùn kan náà ni gbogbo ẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Mítà mẹ́ta, mẹ́ta. Ọ̀pá kan á gé sí méjì gééré.

Ó wò mí. Ó fa ṣọ́ọ̀kì yọ lẹ́yìn etí ẹ̀, ó tẹ̀ba, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iye sílẹ̀ lójú páánù.